Oyin yín ń kú àbí wọ́n ń ṣí lọ? Bẹ́ ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó ra oògùn kankan

Ìbéèrè kan náà ló ń wọlé ṣáá, pàápàá láti oṣù August tí wọ́n bá ti ń fín kòkó: "Ẹ jọ̀ọ́, oyin mi ń kú, oògùn wo ni kí n rà fún wọn?" Èsì tèmi ni pé ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ohun tó ń pa oyin pọ̀, oògùn tẹ́ ẹ sì fẹ́ dà sílé wọn yẹn lè pa wọ́n ju ohun tẹ́ ẹ torí ẹ̀ rà á lọ. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ ka èyí tó ṣeé kà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ìgbà yẹn la tó lè máa sọ̀rọ̀ oògùn.

Oyin tiwa níbí ni mò ń bá wí o, Apis mellifera adansonii, èyí tẹ́ ẹ ń sìn nínú àpótí Kenya top-bar tàbí Langstroth. Ìmọ̀ràn tẹ́ ẹ bá kà pé wọ́n kọ fún oyin ìlú òyìnbó, ẹ má kàn gbé e wá bẹ́ẹ̀, oyin wọn àti tiwa ò gbé àìsàn bákan náà.

## Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà

Ẹ má tíì ṣí ilé oyin. Ẹ lọ láàárọ̀ kùtù, ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ (ẹ má dúró síwájú ẹnu ọ̀nà wọn), kẹ́ ẹ wo ilẹ̀ dáadáa. Òkú oyin díẹ̀ lójúmọ́ kì í ṣe àìsàn, òṣìṣẹ́ oyin kì í pẹ́ láyé tó bá ń ṣiṣẹ́ gidi, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà ni. Àwọn nǹkan tó yẹ kẹ́ ẹ máa wò nìyí:

- Òkú rẹpẹtẹ lójijì láàárín ọjọ́ kan sí méjì, tàwọn tí ò tíì kú ń gbọ̀n, tí wọ́n ń yí lójú kan, tí wọn ò lè fò: oògùn apakòkòrò ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí.
- Oyin tó ń rá pálá nílẹ̀, tí ìyẹ́ ẹ̀ ti ká kò látìgbà tó ti jáde: Varroa (kòkòrò tín-tìn-tín tó ń lẹ̀ mọ́ oyin lára) àti fáírọ́ọ̀sì tó máa ń kó ran oyin.
- Afárá ń ṣomi, oyin inú ẹ̀ ń hó, ó ń rùn bí ọsàn tó ti rà: kòkòrò dúdú kékeré tí wọ́n ń pè ní small hive beetle.
- Nǹkan bí òwú aláǹtakùn gba inú afárá kọjá: ìdin àfòpiná.
- Ilé ṣófo, oúnjẹ tán, ọmọ ò sí, òkú ò sí: wọ́n ti ṣí lọ. Ebi, oòrùn, ìjàlọ tàbí ìdààmú ọmọ èèyàn ló sábà ń fà á.
- Oúnjẹ wà, ọmọ wà, àmọ́ àgbà oyin ò ju ẹ̀kúnwọ́ díẹ̀ lọ: àwọn tó jáde lọ wá oúnjẹ ni ò padà wálé.

Ẹ mú òkú kan sọ́wọ́ kẹ́ ẹ wò ó dáadáa. Oyin tó darúgbó kú, etí ìyẹ́ ẹ̀ á ti ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ, irun ẹ̀yìn ẹ̀ á ti họ, á máa dán. Èyí tí oògùn pa yàtọ̀. Ìyẹ́ ẹ̀ ṣì lè pé, irun ẹ̀ ṣì lè wà, ahọ́n ẹ̀ tó pupa rúsúrúsú á yọ gbọọrọ síta, nígbà míì lẹ́búlẹ́bú òdòdó tó ń gbé bọ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn. Ẹnu iṣẹ́ ló kú sí.

## Bẹ́ ẹ ṣe máa ka Varroa

Varroa kì í ṣe ìtàn òkèèrè mọ́, àwọn onímọ̀ ti rí i lára oyin nílẹ̀ Yorùbá níbí. Ó pupa bí àwọ̀ ilẹ̀ amọ̀, ó fẹ̀ ju bó ṣe gùn lọ, fífẹ̀ ẹ̀ ò ju milimítà kan àtààbọ̀ lọ, ojú lásán rí i. Ẹ̀jẹ̀ oyin làwọn èèyàn rò pé ó ń mu tẹ́lẹ̀. Lọ́dún 2019 ni onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Samuel Ramsey àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ fi hàn pé ẹran ọlọ́ràá inú ara oyin ló ń jẹ, ibẹ̀ gan-an wà lára ibi tí oyin fi ń borí májèlé. Ẹ rí i pé oyin tí Varroa bò, oògùn díẹ̀ báyìí ló máa pa á.

Ohun tẹ́ ẹ máa wá:

- Ìgò rọ́bà ẹlẹ́nu fífẹ̀, bí èyí tí wọ́n fi ń ta bọ́tà ẹ̀pà
- Wáyà nẹ́ẹ̀tì tí ihò ẹ̀ tó milimítà 2 sí 3, kẹ́ ẹ gé e sẹ́nu ìgò. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ò dáa fún un o, ihò ẹ̀ kéré, Varroa ò ní lè jábọ́
- Áísìn ṣúgà (ṣúgà tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì), kì í ṣe ṣúgà oníhóró
- Abọ́ funfun àti omi díẹ̀
- Ife kékeré tó gba 120 ml
- Aṣọ oyin, ìbọ̀wọ́, bàtà rọ́bà, sìmókà, pẹ̀lú ẹnì kan tẹ́ ẹ jọ máa ṣe é

Kẹ́ ẹ tó tan sìmókà, ẹ wo àyíká. Ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀, ajá tí wọ́n fi ṣéènì dè, ẹ tú wọn kúrò, oyin tiwa ń ta ẹran àsomọ́lẹ̀ pa. Ẹ lé àwọn ọmọdé jìnnà. Ẹni tí ara ẹ̀ bá ti wú rí tàbí tí èémí ẹ̀ há nígbà tí oyin ta á, kó má bá yín lọ rárá.

1. Ọjọ́ tójò ò rọ̀ ni kẹ́ ẹ yàn, láti bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Tí ojú ọjọ́ bá tutù ṣúgà á dì, Varroa ò ní jábọ́, ẹ sì máa rò pé kò sí.
2. Ẹ fín èéfín díẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ẹ dúró ìṣẹ́jú méjì, kẹ́ ẹ tó ṣí i.
3. Ẹ wá afárá tí ìdin wà nínú ẹ̀, ara àwọn oyin tó ń tọ́mọ ni Varroa fẹ́ràn. Ẹ yẹ iwájú ẹ̀yìn ẹ̀ wò bóyá ayaba wà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ gbé afárá yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ mú òmíì.
4. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tàbí ìyẹ́ adìyẹ gbá oyin ara ẹ̀ sínú abọ́ ńlá, kẹ́ ẹ yára bu ife 120 ml kan sínú ìgò. Ìyẹn á tó bí 300 oyin. Afárá top-bar tuntun máa ń já, ẹ má gbọ̀n ọ́n.
5. Ẹ fi wáyà dé ẹnu ìgò, ẹ da ṣíbí ńlá méjì áísìn ṣúgà gbabẹ̀ wọlé, ẹ yí ìgò yẹn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fún ìṣẹ́jú kan títí gbogbo wọn á fi funfun.
6. Ẹ gbé e síbòòji fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún. Ẹ má gbé e sóòrùn.
7. Ẹ dojú ẹ̀ délẹ̀ sórí abọ́ funfun, kẹ́ ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa títí ṣúgà ò fi ní jábọ́ mọ́.
8. Ẹ bu omi díẹ̀ sínú abọ́ yẹn. Ṣúgà á yọ́, Varroa á hàn lórí omi, ẹ ò ní pẹ́ rí ẹsẹ̀ wọn tó ń rìn. Ẹ kà á, kẹ́ ẹ fi 3 pín in, iye tó bá jẹ́ ni Varroa lórí ọgọ́rùn-ún oyin.
9. Ẹ da oyin padà sílé. Àwọn tó kù nílé á lá ṣúgà ara wọn, wọn ò ní kú.

Àwọn kan máa ń lo ọtí spirit dípò ṣúgà. Ó péye jùyẹn lọ lóòótọ́, àmọ́ gbogbo 300 yẹn ló máa kú, nítorí náà tí ilé oyin yín ò bá pọ̀, ẹ lo ṣúgà.

### Iye tẹ́ ẹ rí, kí lẹ máa fi ṣe?

Ní Amẹ́ríkà, tó bá ti tó 2 sí 3 lórí ọgọ́rùn-ún, wọ́n á ní kẹ́ ẹ fi oògùn sí i. Níbí ẹ má sáré. Nígbà tí Varroa wọ South Africa lọ́dún 1997, ọ̀pọ̀ ilé oyin ló kọ́kọ́ bàjẹ́, àmọ́ láàárín ọdún díẹ̀ oyin ibẹ̀ ti ń bá a gbé láìsí oògùn. Oyin ilẹ̀ Áfíríkà máa ń họ Varroa kúrò lára, wọ́n máa ń kó ọmọ tó ti ní in jáde, wọ́n sì máa ń ṣí kiri. Tẹ́ ẹ bá wá ń da oògùn sí i, àwọn tí ò lágbára lẹ̀ ń tọ́jú yẹn, wọ́n á sì máa bí irú wọn.

Tó bá ju 3 lọ, ẹ tún un kà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Tó bá ṣì ń gòkè, tẹ́ ẹ sì ń rí oyin oníyẹ̀ẹ́ kíká, ẹ wá ibi tí ọmọ akọ oyin wà lára afárá, àwọn ilé tó tóbi tó yọ sókè bí orí ìbọn ọ̀wọ́, kẹ́ ẹ gé e kúrò nígbà tí wọ́n bá ti bò ó lórí. Ọmọ akọ ni Varroa fẹ́ràn jù torí pé ó pẹ́ nínú ilé ju tòṣìṣẹ́ lọ, á sì bímọ púpọ̀ níbẹ̀. Ẹ fún adìyẹ jẹ. Ẹ má sì pín ilé oyin tuntun látinú èyí tí Varroa ń dà láàmú, inú èyí tó lágbára ni kẹ́ ẹ ti pín.

Oògùn tí wọ́n ń ki bọ inú ilé kì í sì í lọ bọ̀rọ̀. Nígbà tí onímọ̀ kan, Christopher Mullin, àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ yẹ ìda, lẹ́búlẹ́bú òdòdó àti àwọn kòkòrò oyin fúnra wọn káàkiri Amẹ́ríkà wò, tí wọ́n gbé èsì ẹ̀ jáde lọ́dún 2010, oríṣi kẹ́míkà 121 ni wọ́n rí, méjì tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà nínú gbogbo ìda, fluvalinate àti coumaphos, àwọn tó ń sin oyin ló fọwọ́ ara wọn fi síbẹ̀ torí Varroa. Ìda yẹn náà la máa ń tún lò.

## Kòkòrò dúdú àti àfòpiná

Mi ò ní pẹ́ níbí torí tí ilé oyin bá lágbára, oyin fúnra wọn ń bójú tó méjèèjì. Small hive beetle ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni, gígùn ẹ̀ ò ju milimítà 5 sí 7 lọ, kì í fẹ́ ìmọ́lẹ̀, tẹ́ ẹ bá ṣí ilé ẹ máa rí i tó ń sá wọ kọ̀rọ̀. Oyin tiwa máa ń fi oje igi dí i mọ́ ihò kan bí ẹlẹ́wọ̀n. Tẹ́ ẹ bá wá ń ṣí ilé lójoojúmọ́ láti wò ó, ẹ̀ ń tú wọn sílẹ̀ nìyẹn.

Ìdin ẹ̀ ló ń ba oyin jẹ́. Kẹ́ ẹ má ṣì í mú: ìdin àfòpiná máa ń ta òwú, ó sì ń tóbi tó milimítà 25, ti kòkòrò dúdú ò ta òwú, ó ní ẹ̀gún wẹ́wẹ́ lẹ́yìn, ó ń mú oyin hó.

- Ẹ fún oyin tẹ́ ẹ bá kórè láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ẹ má tọ́jú afárá pamọ́ sínú báfù.
- Ẹ má fi afárá tó já sílẹ̀ síbi àpótí, kódà ẹ̀rún ẹ̀.
- Ẹ yọ top-bar (igi tí oyin ń kọ́ afárá sí) tí oyin ò gbé, kẹ́ ẹ dí àyè yẹn, kí ilé má tóbi jù wọ́n lọ.
- Inú ilẹ̀ abẹ́ àpótí ni ìdin máa ń wọ̀ lọ dàgbà, ẹ máa tu ilẹ̀ ibẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ jẹ́ kí adìyẹ máa tan ibẹ̀.
- Torí ìjàlọ, ẹ fi gíríìsì tàbí ẹ́ńjìn-ọ́ìlì àlòkù sẹ́sẹ̀ àpótí, kẹ́ ẹ sì gé koríko tó fara kàn án.

Ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ má fín òtápiápiá sínú ilé oyin tàbí sí ara àpótí torí kòkòrò tàbí èèrà. Dichlorvos ló wà nínú ẹ̀, atẹ́gùn ẹ̀ nìkan tó láti pa wọ́n, èèyàn ló sì máa jẹ oyin yẹn.

## Oògùn oko: ibi tí ìjà wà gan-an

Nílẹ̀ tiwa yìí, tẹ́ ẹ bá ní kí n mú ohun kan tó yẹ kẹ́ ẹ fi gbogbo ara ṣọ́, èyí ni. Varroa, oyin lè bá a gbé. Imidacloprid, ìyẹn oògùn apakòkòrò kan tí wọ́n ń fín sóko, rárá.

Ìwọ̀n imidacloprid tó ń pa ìdajì oyin tó bá jẹ ẹ́ ò ju bí 4 nánógíráàmù lórí oyin kan, ìyẹn ni pé gíráàmù kan ṣoṣo, tẹ́ ẹ bá pín in kàn wọ́n, á pa oyin tó lé ní 100 mílíọ̀nù. Èyí tí ò tiẹ̀ pa wọ́n lójú ẹsẹ̀ náà ṣì ń ṣe wọ́n. Lọ́dún 2012, Mickaël Henry àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Faransé lẹ àmì kékeré mọ́ oyin lẹ́yìn, wọ́n fún àwọn kan ní oògùn apakòkòrò míì, thiamethoxam, díẹ̀ tí ò tó pa wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò mọ̀nà ilé mọ́. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi lè rí ilé tó ní oúnjẹ, tó ní ọmọ, tí àgbà ò sí níbẹ̀, tẹ́ ẹ ò sì ní rí òkú kankan nílẹ̀. Lọ́dún 2018 ni European Union sọ pé kí wọ́n má lo imidacloprid, clothianidin àti thiamethoxam síta gbangba mọ́.

Ẹ má rò pé torí oko yín ò sí nítòsí, kò kàn yín. Oyin ń fò tó kilomítà 3 lọ wá oúnjẹ, wọ́n lè jìnnà jùyẹn lọ. Àwọn kan á tún ní "kòkó ni mò ń fín, oyin kì í lọ sórí kòkó." Òótọ́ ni pé kantíkantí kéékèèké ló ń bá òdòdó kòkó ṣe é, kì í ṣe oyin, àmọ́ oògùn yẹn ń fẹ́ lọ sórí ewé Akíntọ́lá tó ń tanná létí oko, ó ń bọ́ sínú odò tí oyin ti ń mumi.

### Àwọn orúkọ tẹ́ ẹ máa wá lára ike oògùn

Ẹ má wo àwòrán iwájú ike, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ active ingredient sí, ìyẹn kẹ́míkà tó ń ṣiṣẹ́ gan-an nínú oògùn náà. Tẹ́ ẹ bá rí ọ̀kan nínú wọ̀nyí, ó le fún oyin gan-an: imidacloprid, thiamethoxam, clothianidin, fipronil, cypermethrin, lambda-cyhalothrin, dimethoate, chlorpyrifos. NAFDAC tiẹ̀ ti kéde pé chlorpyrifos ò gbọ́dọ̀ wà lọ́jà mọ́ láti November 2024, tẹ́ ẹ bá ṣì rí i níbì kan, ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á.

Fungicide tí wọ́n ń fín torí kòkó tó ń dúdú náà, ẹ má fojú kéré ẹ̀. Àwọn kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé tí wọ́n bá pò ó mọ́ oògùn apakòkòrò nínú táńkì kan náà, agbára ìkejì á le sí i fún oyin. Oògùn pa koríko ní tiẹ̀, òdòdó tí oyin ń jẹ ló ń run.

### Tẹ́ ẹ bá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fín

1. Ẹ ti lọ kí àwọn tó ní oko nítòsí yín ṣáájú ìgbà ìfín, kì í ṣe ọjọ́ ìfín. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Oyin mi wà ní ìsàlẹ̀ odò yẹn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ pè mí lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú." Ẹ fún wọn ní nọ́ńbà yín, tẹ́ ẹ bá kórè kẹ́ ẹ gbé ìgò oyin kan fún wọn. Mo ti rí i pé èyí ń ṣiṣẹ́ ju ẹjọ́ lọ́dọ̀ baálẹ̀ lọ.
2. Ẹ bẹ̀ wọ́n kó jẹ́ ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn aago mẹ́fà tí oyin ti wọlé. Tó bá jẹ́ kajú tàbí bàrà tàbí ẹ̀wà, kí wọ́n má fín in nígbà tó ń tanná. Ìyẹn tún ń ba tiwọn náà jẹ́, torí bàrà tí oyin ò dé ìdí ẹ̀ kì í so dáadáa, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀.
3. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹ fi wáyà nẹ́ẹ̀tì dí ẹnu ọ̀nà. Ẹ má fi àkísà tàbí amọ̀ dí i, wọ́n á sé lémìí.
4. Ẹ rẹ àpò ìdọ̀họ sómi, kẹ́ ẹ dà á bo orí àpótí, kẹ́ ẹ sì rí i pé ibòòji wà níbẹ̀.
5. Ẹ ṣí i láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ má tì wọ́n mọ́lé di ọ̀sán, ooru á yọ́ afárá lé wọn lórí.
6. Ẹ gbé omi tó mọ́ síbẹ̀, pẹ̀lú igi tàbí òkúta tí wọ́n á bà lé, kí wọ́n má lọ sódò oko.

Tó bá jẹ́ pé ọjọ́ púpọ̀ ni wọ́n fẹ́ fi fín in, títì ò lè ran yín lọ́wọ́, ẹ gbé wọn kúrò ni. Òru ni kẹ́ ẹ gbé wọn, kó sì ju kilomítà 5 lọ, tí ò bá tó bẹ́ẹ̀ wọ́n á padà síbi tí ilé wọn wà tẹ́lẹ̀.

### Tó bá ti ṣẹlẹ̀

Ẹ ya fọ́tò òkú nílẹ̀ pẹ̀lú fídíò èyí tó ń gbọ̀n. Ẹ kọ ọjọ́, aago, ohun tí wọ́n fín àti oko tó jẹ́ síwèé. Ẹ kó òkú tútù bí 300 sínú àpò pépà (ọ̀rá máa ń jẹ́ kó jẹrà), kẹ́ ẹ gbé e sínú fírísà lọ́jọ́ yẹn gan-an, ẹ má da ọtí sí i. Kẹ́ ẹ tó gbé e rìnrìn àjò, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ka tó ń kọ́ nípa kòkòrò ní fásitì tó sún mọ́ yín bóyá wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò, irú àyẹ̀wò yìí máa ń náni lówó.

Fún àwọn tó ṣẹ́ kù: ẹ yọ afárá tí lẹ́búlẹ́bú òdòdó tuntun kún inú ẹ̀, torí májèlé wà níbẹ̀ tí wọ́n á fi máa bọ́ ọmọ. Ẹ po ṣúgà mọ́ omi, ìwọ̀n kan sí ìwọ̀n kan, kẹ́ ẹ fún wọn. Ẹ dín ẹnu ọ̀nà kù. Ẹ ri òkú mọ́lẹ̀ kí adìyẹ má baà jẹ ẹ́. Oyin tó wà nínú ilé yẹn, ẹ má kórè ẹ̀ tà, ẹ má sì fún ọmọ yín jẹ.

## Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun

Ohun tí mo sọ nípa Varroa yẹn kì í ṣe tiyín o, oyin ọ̀hún ò lè dá bá a jà bíi tiwa, ẹ gbọ́dọ̀ máa kà á, kẹ́ ẹ sì tọ́jú ẹ̀ bí wọ́n ṣe ní kẹ́ ẹ ṣe. Ní England àti Wales, ẹ forúkọ sílẹ̀ lórí BeeBase lọ́dọ̀ National Bee Unit, tẹ́ ẹ bá sì fura sí foulbrood (àìsàn tó ń mú ọmọ oyin jẹrà), òfin ní kẹ́ ẹ sọ fún wọn. Ní Amẹ́ríkà, Bee Research Laboratory ti USDA (ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí iṣẹ́ àgbẹ̀) ní Beltsville, Maryland, ti máa ń yẹ oyin àti afárá tó ń ṣàìsàn wò lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n ṣì ń gbà á, àmọ́ wọn kì í yẹ oògùn apakòkòrò wò, ibòmíì lẹ máa gbé ìyẹn lọ.

## Kẹ́ ẹ tó fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí mi

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ ti ní èsì sí àwọn wọ̀nyí, á jẹ́ kí n lè dá yín lóhùn kíákíá:

- Ìgbà wo lẹ kọ́kọ́ rí òkú, ṣé lójijì ni àbí díẹ̀díẹ̀?
- Ṣé ilé kan ni àbí gbogbo ẹ̀? (Oògùn sábà ń kan ọ̀pọ̀ ilé lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn tó lágbára jù ló tiẹ̀ máa ń fara gbá a jù, torí àwọn ló ń rán òṣìṣẹ́ púpọ̀ jáde.)
- Varroa mélòó lẹ kà lórí ọgọ́rùn-ún?
- Ta ló fín nǹkan nítòsí láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, kí sì ni orúkọ tó wà lára ike ẹ̀?
- Kí lẹ ti fi sínú ilé yẹn kẹ́ ẹ tó kọ̀wé sí mi?